Ta Ló Ni Orí Tó Padà Délé?

Láti ọdún 1878 títí di ọdún 1935, ààfin ńlá kan wà ní ìlú Paris tí wọ́n ń pè ní Trocadéro. Ìpàtẹ àgbáyé ọdún 1878 ni wọ́n torí rẹ̀ kọ́ ọ, lórí òkè kan tó kọjú sí odò Seine. Nígbà tí ìpàtẹ parí, wọ́n sọ ilé náà di ibi tí wọ́n ń kó ohun àtijọ́ sí. Ní apá kan, wọ́n kó òkúta àwọn tẹ́ńpìlì Angkor tó wá láti Kàmbódíà síbẹ̀. Ní apá mìíràn, wọ́n kó ohun tó wá láti Áfíríkà síbẹ̀, títí kan ìtẹ́ àti ère àwọn ọba Dahomey tí ọmọ ogun Faransé kó ní Abomey lọ́dún 1892. Abẹ́ òrùlé kan náà ni gbogbo wọn jọ gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Kì í ṣe ilé nìkan ló pa wọ́n pọ̀. Ọ̀gágun Alfred Dodds, ọmọ Saint-Louis ní Senegal, tó kó ogun wọ Abomey, ti jagun fún Faransé ní Vietnam kí wọ́n tó rán an sí Dahomey. Ìjọba kan náà ló rán àwọn ológun jáde lọ sí ìlà oòrùn àti ìwọ̀ oòrùn, òun náà ló sì gba ẹrù tí wọ́n gbé bọ̀. Nígbà tí wọ́n wó Trocadéro láti fi kọ́ ilé mìíràn fún ìpàtẹ ọdún 1937, ẹrù pín yà. Àwọn òkúta Kàmbódíà bọ́ sí mùsíọ́ọ̀mù Guimet, tí í ṣe ilé iṣẹ́ ọnà Éṣíà. Àwọn ti Dahomey bọ́ sí ilé ìmọ̀ nípa ẹ̀dá ènìyàn, Musée de l'Homme, kí wọ́n tó dé mùsíọ́ọ̀mù quai Branly tí wọ́n ṣí lọ́dún 2006. Wọ́n pe ti Kàmbódíà ní iṣẹ́ ọnà; wọ́n pe ti Dahomey ní àpẹẹrẹ bí ẹ̀yà kan ṣe ń gbé ayé.

Ìtàn ẹrù kejì yìí ni àwa tí à ń kọ̀wé ní Nàìjíríà mọ̀ jù. A mọ ọdún 1897 àti ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní ààfin Ọba Ìbíní. A mọ ohun 26 tí Faransé dá padà fún orílẹ̀-èdè Benin ní oṣù kọkànlá ọdún 2021. Nígbà tí iṣẹ́ ìwé kan gbé mi dé Paris, mo pinnu pé ẹrù kìíní ni màá tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Mo fẹ́ mọ báwọn ará Éṣíà ṣe rìn ín, torí ẹni tó ti ṣáájú gba ojú ọ̀nà kọjá ló mọ ibi tí kòtò wà. Mo lo ọjọ́ kan gbáko ní Guimet, mo sì tún padà lọ lọ́jọ́ kejì. Ohun tí mo rí níbẹ̀ kan Nàìjíríà gbọ̀ngbọ̀n, ó sì kan ọdún 2027 ju ọdún mìíràn lọ. Màá sọ ìdí rẹ̀.

Owó búlúù

Ẹni tó dá mùsíọ́ọ̀mù náà sílẹ̀ ni Émile Guimet, oníṣòwò ọmọ ìlú Lyon, tí wọ́n bí lọ́dún 1836. Bàbá rẹ̀, Jean-Baptiste, ló wá ọgbọ́n dá ní nǹkan bí ọdún 1826 tí iléeṣẹ́ fi lè máa fọwọ́ ara wọn ṣe àwọ̀ búlúù tó jinlẹ̀. Kó tó dìgbà yẹn, òkúta iyebíye kan tí wọ́n ń wà ní Afghanistan ni wọ́n ń lọ̀ kí wọ́n tó rí irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì wọ́n bí ojú. Lẹ́yìn rẹ̀, búlúù di ohun tí alágbàfọ̀ lè rà. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nílé tí ìyá ti ń po búlúù sínú omi kí aṣọ funfun lè mọ́ gaara, irú àwọ̀ yẹn ni. Iléeṣẹ́ Reckitt ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ta èyí tó gbajúmọ̀ lọ́dọ̀ wa, àwọn ará wa kò sì fi í mọ sórí aṣọ: ẹ wo irun ère ìbejì àtijọ́, búlúù alágbàfọ̀ ló wà lórí ọ̀pọ̀ nínú wọn. Owó irú búlúù bẹ́ẹ̀ ni Guimet fi rìnrìn àjò, òun náà ló sì fi kọ́lé fún òrìṣà ẹlòmíràn.

Lọ́dún 1876, òun àti ayàwòrán kan tó ń jẹ́ Félix Régamey lọ sí Japan, Ṣáínà àti Íńdíà. Ìjọba Faransé ti fún un níwèé pé kó lọ ṣèwádìí nípa ẹ̀sìn àwọn ilẹ̀ wọ̀nyẹn. Àsìkò tó dé Japan dára fún ẹni tó fẹ́ rajà. Lọ́dún 1868, ìjọba tuntun ibẹ̀ ti pàṣẹ pé kí wọ́n ya ẹ̀sìn Búdà sọ́tọ̀ kúrò lára Shinto tó jẹ́ ẹ̀sìn ìbílẹ̀. Láti orí àṣẹ yẹn, tẹ́ńpìlì púpọ̀ bọ́ sínú wàhálà: wọ́n ba àwọn kan jẹ́, wọ́n lé àlùfáà àwọn mìíràn kúrò, ère àti àwòrán mímọ́ sì di ohun tí ènìyàn lè bá lọ́jà. Guimet rà wọ́n ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Lọ́dún 1879 ó ṣí mùsíọ́ọ̀mù rẹ̀ ní Lyon. Lọ́dún 1889 ó ṣí ti Paris ní gbàgede Iéna, níbi tó wà títí di òní.

Mo pẹ́ níwájú àwọn ère Japan yẹn. Kò sí ìbọn nínú ìtàn wọn. Ẹni tó ní ọjà tà á, ẹni tó lówó rà á. Síbẹ̀, mo rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa nígbà tí ẹ̀sìn tuntun dé: ère tí wọ́n dáná sun lójú agbo, èyí tí ọmọ tó di onígbàgbọ́ kó fún àlejò lẹ́yìn ikú bàbá rẹ̀, èyí tí ebi mú kí olójúbọ tà. Nígbà tí a bá ń ka ohun wa tó wà lókè òkun, ó yẹ ká yà wọ́n sọ́tọ̀ sọ́tọ̀: èyí tí wọ́n fogun kó, èyí tí wọ́n jí, èyí tí a fọwọ́ ara wa tà. Bí a bá da gbogbo rẹ̀ pọ̀, ẹni tó jalè á rí àyè sá pamọ́ sáàárín àwọn tó rajà. Ọ̀pọ̀ mùsíọ́ọ̀mù mọ ọgbọ́n yìí dáadáa. Wọ́n á kọ "ẹ̀bùn" tàbí "rírà" sábẹ́ ohun kan, wọ́n á sì dákẹ́, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ti dáhùn gbogbo ìbéèrè.

Ilé tí wọ́n pè ní ahoro

Ìsàlẹ̀ ilé ni yàrá Kàmbódíà wà, òun sì ni àlejò kọ́kọ́ ń bá pàdé. Ejò ńlá olórí púpọ̀ kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú òmìrán tó gbé e mọ́ra. Ojú ọ̀nà tó wọ tẹ́ńpìlì Preah Khan ní Angkor ni wọ́n ti gbé e. Nínú ìtàn kan tí àwọn Khmer gbà láti Íńdíà, àwọn òrìṣà di apá kan ejò mú, àwọn ọ̀tá wọn di apá kejì mú, wọ́n ń fà á síhìn-ín sọ́hùn-ún láti fi po òkun wàrà títí omi àìkú fi jáde. Ẹni tó bá ń lọ sí tẹ́ńpìlì á gba àárín ìlà méjèèjì kọjá, òrìṣà lápá kan, ọ̀tá òrìṣà lápá kejì. Ní Paris, díẹ̀ péré lára wọn ló wà, àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tó kù ṣì ń bẹ ní Angkor. Bí ènìyàn kò bá mọ ìtàn náà, yóò rò pé ọkùnrin kan ló ń bá ejò jà.

Louis Delaporte, ọ̀gá nínú iṣẹ́ ológun ojú omi Faransé, ló kó o wá pẹ̀lú ọ̀pọ̀ mìíràn lọ́dún 1873. Nígbà tí ẹrù náà dé, Louvre kò gbà á. Ààfin Compiègne ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e sí, kó tó di pé ó dé Trocadéro. Ẹ kíyè sí i pé àwọn tó kó o gan-an kò tíì fohùn ṣọ̀kan nígbà náà pé iṣẹ́ ọnà ni. Orúkọ yẹn dé lẹ́yìn.

Kí Delaporte tó lọ, Henri Mouhot ti dé Angkor lọ́dún 1860, ìwé rẹ̀ ló sì jẹ́ kí ibẹ̀ di olókìkí ní Yúróòpù. Ó kọ ọ́ pé ohun tí òun rí ga ju ohunkóhun tí Gíríìkì tàbí Róòmù fi sílẹ̀. Ó tún ṣọ̀fọ̀ àwọn ará ibẹ̀, ó ní àìlajú ti bò wọ́n mọ́lẹ̀. Àwa náà mọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́dún 1910, Leo Frobenius, ọmọ Jámánì, dé Ilé-Ifẹ̀, ó rí orí Olókun àti àwọn orí amọ̀, ó sì kéde pé Atlantis, ìlú inú ìtàn àwọn Gíríìkì, ni òun rí ipasẹ̀ rẹ̀. Ìyàlẹ́nu méjèèjì jọra: wọ́n gbà pé iṣẹ́ náà dára, wọn kò gbà pé àwọn tó jókòó tì í ló ni ín. Bẹ́ẹ̀ àwọn mọ́ńkì ẹlẹ́sìn Búdà ń gbé ní Angkor Wat, wọ́n ń gbàdúrà níbẹ̀, nígbà tí Mouhot dé. Ibi tí a bá ti lè pè ní ahoro, kò sẹ́ni tó máa bi wá pé ọwọ́ ta la ti tọrọ ohun tí a gbé níbẹ̀.

Orí òkúta kan dá mi dúró jù nínú yàrá náà. Àwọn onímọ̀ gbà pé orí ọba Jayavarman Keje ni, ẹni tó gorí oyè lọ́dún 1181 tó sì kọ́ Preah Khan. Ojú rẹ̀ wà ní dídì, ẹ̀rín díẹ̀ wà létè rẹ̀, kò sí adé, kò sí ọ̀ṣọ́. Mo rántí àwọn orí idẹ tí wọ́n hú jáde ní Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ lọ́dún 1938, tí àwọn onímọ̀ fi ọjọ́ orí wọn sí àsìkò tí kò jìnnà sí ti ọba yìí. Àwọn oníṣẹ́ ọnà Ifẹ̀ àti àwọn ti Angkor kò gbúròó ara wọn rí, síbẹ̀ irú ìfarabalẹ̀ kan náà ni wọ́n fi sójú àwọn tí wọ́n ń bọlá fún.

Olè tó di mínísítà

Nínú yàrá yẹn kan náà ni iwájú ilẹ̀kùn tẹ́ńpìlì kan wà, òkúta pupa rúsúrúsú tí wọ́n gbẹ́ bí ẹni gbẹ́ igi. Ó ti Banteay Srei wá, tẹ́ńpìlì tí wọ́n yà sí mímọ́ lọ́dún 967. Ara rẹ̀ ni wọ́n gbẹ́ ìtàn arákùnrin méjì sí, Sunda àti Upasunda. Agbára wọn pọ̀ débi pé kò sẹ́ni tó lè pa wọ́n àfi bí wọ́n bá pa ara wọn. Ni àwọn òrìṣà bá rán arẹwà obìnrin kan, Tilottama, sí àárín wọn. Lórí òkúta náà, ọ̀kan di obìnrin yìí mú lápá ọ̀tún, èkejì dì í mú lápá òsì, wọ́n gbé kùmọ̀ sókè.

Ní oṣù kejìlá ọdún 1923, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ Faransé kan, ẹni ọdún 22, tó ń jẹ́ André Malraux gba inú igbó lọ sí Banteay Srei pẹ̀lú Clara ìyàwó rẹ̀ àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Louis Chevasson. Wọ́n gé ère àwọn obìnrin mímọ́ kúrò lára ògiri, wọ́n dì wọ́n sínú àpótí, wọ́n sì gbé wọn sọ́kọ̀ ojú omi. Nígbà tí ọkọ̀ dé Phnom Penh, ọwọ́ ìjọba tẹ̀ wọ́n. Lọ́dún 1924, ilé ẹjọ́ dá ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta fún Malraux. Àwọn òǹkọ̀wé ńlá ní Paris kọ̀wé láti bẹ̀bẹ̀ fún un, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní Saigon sì dín in kù sí ọdún kan tí kò ní wẹ̀wọ̀n rẹ̀. Àwíjàre àwọn tó gbèjà rẹ̀ ni pé ìjọba kò tíì kọ orúkọ tẹ́ńpìlì náà sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ibi tí òfin dáàbò bò. Wọ́n dá àwọn ère náà padà sára ògiri.

Iléeṣẹ́ ìwádìí tí ìjọba Faransé dá sílẹ̀ fún ilẹ̀ Éṣíà, École française d'Extrême-Orient, wá tún Banteay Srei tò lókùúta lókùúta láàárín ọdún 1931 sí 1936. Iṣẹ́ rere ni, ó sì yẹ ká sọ bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ iléeṣẹ́ yìí kan náà ni òkúta Sunda àti Upasunda gbà dé Paris ní àwọn ọdún 1930. Nígbà tí Malraux gbé òkúta kúrò ní Banteay Srei, ó di olè. Nígbà tí iléeṣẹ́ ìjọba gbé òkúta kúrò ní Banteay Srei, ó di ohun àfihàn. Ìwé àṣẹ ló yà wọ́n, ọmọ Kàmbódíà kò sì sí lára àwọn tó láṣẹ láti buwọ́ lu irú ìwé bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ "ó bófin mu nígbà náà" kì í fi í tẹ́ mi lọ́rùn. Kí n kọ́kọ́ mọ ẹni tó ṣòfin náà àti ẹni tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe é.

Ìtàn Malraux kò parí síbẹ̀. Lọ́dún 1959, ó di mínísítà àṣà ní Faransé, ó sì wà nípò náà fún ọdún mẹ́wàá. Lọ́dún 1966, nígbà tí Léopold Sédar Senghor pe gbogbo ayé sí àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àwọn ènìyàn dúdú ní Dakar, Malraux wá láti Faransé, ó sì sọ̀rọ̀ ìyìn gígùn nípa ọnà Áfíríkà. Ní ọjọ́ tó ń sọ̀rọ̀ yẹn, ère àwọn ọba Abomey wà ní Paris, wọ́n sì wà níbẹ̀ fún ọdún 55 lẹ́yìn rẹ̀. Ìyìn kò ná ẹni tó ń yinni ní kọ́bọ̀.

Orí lọ́dọ̀ ọlọ́run, ọrùn lọ́dọ̀ ọlọ́run mìíràn

Ohun tó kàn mí jù lọ nínú ìtàn Guimet ni ère kan tí n kò bá nílé. Harihara ni wọ́n ń pe òrìṣà náà. Apá kan rẹ̀ jẹ́ Shiva, apá kejì jẹ́ Vishnu. Phnom Da ní gúúsù Kàmbódíà ni ère náà ti wá. Ní àwọn ọdún 1880, àwọn Faransé gbé orí rẹ̀ lọ, ó sì dé Guimet lọ́dún 1889. Ara rẹ̀ kù sílé, ó sì wá dé mùsíọ́ọ̀mù ìjọba ní Phnom Penh. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí orí wà ní Paris tí ọrùn wà ní Phnom Penh. Ní oṣù kìíní ọdún 2016, wọ́n gbé orí náà wálé, wọ́n sì tò ó padà sórí ọrùn rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn.

Inú mi dùn nígbà tí mo kà á. Lẹ́yìn náà ni mo ka ìyókù. Òfin Faransé sọ pé ohun tó bá ti wọ àpò mùsíọ́ọ̀mù ìjọba ti di ohun-ìní gbogbo ìlú, a kò lè fi tọrẹ, a kò lè tà á. Nítorí náà, yíyá ni wọ́n yá Kàmbódíà ní orí náà. Orí délé, ó jókòó sórí ọrùn tó ni ín, ṣùgbọ́n nínú ìwé, ẹni tó gbé e lọ ló ṣì ni ín.

Ẹ wá gbọ́ òdìkejì rẹ̀, tó jẹ́ tiwa. Ní ìparí àwọn ọdún 1990, ìjọba Faransé ra ère amọ̀ mẹ́ta, ti Nok àti Sókótó, lọ́wọ́ oníṣòwò kan ní Yúróòpù. Wọ́n fẹ́ fi wọ́n sí yàrá tuntun tí Ààrẹ Jacques Chirac ṣí ní Louvre ní oṣù kẹrin ọdún 2000. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1979, òfin kẹtàdínlọ́gọ́rin ti ọdún yẹn, kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti kó irú ohun bẹ́ẹ̀ jáde láìgba ìwé àṣẹ. Kò sí ìwé àṣẹ. Ariwo sọ. Ní ọdún 2002, ìjọba méjèèjì fẹnu kò: Faransé gbà pé Nàìjíríà ló ni àwọn ère náà, Nàìjíríà sì yá Faransé wọn fún ọdún 25, àdéhùn tí wọ́n lè tún ṣe bó bá pé.

Ọdún 2027 ló pé. Ohun tó jẹ́ kí n dárúkọ ọdún náà níbẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Bí a bá gbé ìtàn méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ohun tó hàn ni pé ọ̀nà méjì ló wà láti ní nǹkan. Kàmbódíà ní orí náà lọ́wọ́, kò ní in nínú ìwé. Nàìjíríà ní ère Nok nínú ìwé, kò ní in lọ́wọ́. Lọ́dọ̀ àwọn Jámánì náà, irú rẹ̀ wà: ní oṣù keje ọdún 2022 wọ́n buwọ́ lu ìwé pé Nàìjíríà ló ni àwọn idẹ Ìbíní tó wà nínú mùsíọ́ọ̀mù wọn, wọ́n kó 20 wálé ní oṣù kejìlá ọdún yẹn, ọ̀pọ̀ mìíràn sì kù sí Berlin gẹ́gẹ́ bí ohun tí a yá wọn. N kò sọ pé yíyá burú. Ẹni tó bá ní ilé lè fi háyà. Ṣùgbọ́n onílé tó mọ ohun tó ń ṣe máa ń mọ ọjọ́ tí háyà pé, ó sì máa ń lọ kan ilẹ̀kùn.

Orílẹ̀-èdè Benin gba ọ̀nà kẹta. Wọn kò gba yíyá. Wọ́n dúró títí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Faransé fi ṣe òfin pàtàkì kan ní oṣù kejìlá ọdún 2020, òfin tó yọ ohun 26 náà kúrò nínú àpò ìjọba Faransé pátápátá. Ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n délé pẹ̀lú ìwé wọn lọ́wọ́. Síbẹ̀, òfin yẹn kò kọjá ohun tó dárúkọ. Ère irin Gou, òrìṣà irin àti ogun tí àwa ń pè ní Ògún, tí Akati Ekplékendo rọ ní Dahomey, kò sí lára wọn. Ó kù sí Paris.

Ẹsẹ̀ tó kù sílé

Báwo ni Kàmbódíà ṣe ń rí ohun rẹ̀ gbà láti ọwọ́ àwọn mìíràn? Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn ẹsẹ̀ méjì. Ní oṣù kẹta ọdún 2011, Sotheby's fẹ́ ta ère jagunjagun kan, Duryodhana, ní New York. Kò ní ẹsẹ̀. Ní Koh Ker, láàárín igbó Kàmbódíà, ẹsẹ̀ méjì wà lórí pèpéle òkúta láìsí ara, láti ìgbà tí olè ti gé ère kúrò níbẹ̀ nígbà ogun abẹ́lé àwọn ọdún 1970. Àwọn onímọ̀ wọn ẹsẹ̀ náà mọ́ ara rẹ̀, ó bára mu. Ìjọba Kàmbódíà ní kí wọ́n dá ọjà náà dúró, ìjọba Amẹ́ríkà gbé ọ̀rọ̀ lọ sílé ẹjọ́, àwọn agbẹjọ́rò sì lo òfin tí àwọn Faransé fúnra wọn ṣe nígbà ìjọba amúnisìn láti fi hàn pé ohun-ìní ìlú ni. Lọ́dún 2014, jagunjagun náà délé. Ṣáájú rẹ̀, lọ́dún 2013, mùsíọ́ọ̀mù Metropolitan ní New York ti dá ère méjì tó kúnlẹ̀ padà, láti Koh Ker kan náà. Nígbà tó yá, àwọn tó ti ṣiṣẹ́ olè rí bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn onímọ̀ lọ sí ojú ibi tí wọ́n ti hú nǹkan, wọ́n ń sọ ère tí wọ́n gbé àti ẹni tí wọ́n tà á fún. Ní ìparí ọdún 2023, Metropolitan tún gbà láti dá mẹ́rìnlá sí i padà fún Kàmbódíà.

Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé omijé nìkan kò mú ère wálé. Ẹ̀rí ló mú un wálé: pèpéle tí wọn kò jẹ́ kó sọnù, fọ́tò, ìwé, ẹ̀rí ẹnu ẹni tó wà níbẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, Nok jẹ́ abúlé ní Ìpínlẹ̀ Kàdúná, níbi tí àwọn tó ń wa tánńganran ti kọ́kọ́ rí orí amọ̀ lọ́dún 1928. Bernard Fagg tó ṣètò ìwádìí rẹ̀ ni wọ́n torí iṣẹ́ rẹ̀ ṣí mùsíọ́ọ̀mù Jos lọ́dún 1952. Láti àwọn ọdún 1990, olè ti hú ilẹ̀ agbègbè náà débi pé ọ̀pọ̀ ère tó jáde kò ní ìtàn mọ́: kò sẹ́ni tó mọ ihò tí wọ́n ti yọ ọ́, ohun tó sùn tì í, tàbí ìdí tí wọ́n fi gbé e síbẹ̀. Àwọn tó gbẹ́ ihò náà ṣì wà láàyè, wọ́n ń dàgbà. Ta ló ń lọ bá wọn sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó kú?

Mo mọ èsì tí àwọn kan máa fún mi. Wọ́n á ní kí a fi wọ́n sílẹ̀ lọ́hùn-ún, pé ibẹ̀ ni iná kì í lọ, pé olè ti wọ mùsíọ́ọ̀mù Jos, ó ti wọ ti Ilé-Ifẹ̀ léraléra ní àwọn ọdún 1990. Òótọ́ ni, kò yẹ ká sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ẹ wo Phnom Penh. Nígbà tí àwọn Khmer Rouge lé gbogbo ará ìlú kúrò lọ́dún 1975, mùsíọ́ọ̀mù wọn di ahoro ní tòótọ́. Lẹ́yìn tí ogun parí, àdán ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló ń gbé inú àjà rẹ̀, ìgbẹ́ wọn ń já lu ère. Inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú owó tí kò tó nǹkan. Wọn kò dúró kí ilé pé kí wọ́n tó béèrè ohun tó jẹ́ tiwọn. Bí wọ́n ṣe ń béèrè ni ilé ń dára, torí ohun tó ń padà bọ̀ ló mú kí ayé máa wò wọ́n.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ kí a ṣe kí ọdún 2027 tó kọjá. Kí àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó mùsíọ́ọ̀mù gbé àdéhùn ọdún 2002 náà jáde fún gbogbo ènìyàn, kí a lè ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ àti ohun tí Nàìjíríà rí gbà nínú ọdún 25 tí a fi yá wọn. Kí wọ́n pe àwọn ará Nok àti Sókótó, àwọn olùkọ́ tó ń kọ́ni nípa ohun àtijọ́ ní Zaria, Jos àti Ìbàdàn, sí ìjókòó kan kí wọ́n tó buwọ́ lu ìwé tuntun. Bí wọ́n bá sì fẹ́ tún un yá Faransé, kí wọ́n dárúkọ iye ọdún, kí wọ́n dárúkọ ohun tí a óò gbà: ẹ̀kọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń tọ́jú ère, owó ìwádìí, tàbí kí àwọn ère náà wá sílé fún ìgbà díẹ̀ kí ọmọ Kàdúná lè rí wọn láìgba físà.

Mo gba físà kí n tó rí orí Jayavarman. Ọmọ Kàmbódíà tó bá fẹ́ rí i ní Guimet náà máa gbà á. Ẹni tó bá sì fẹ́ rí ère amọ̀ mẹ́ta tí ìwé sọ pé tiwa ni, ìlà kan náà ni yóò tò sí. Àwọn ọmọ wa ò gbọ́dọ̀ tún tò sí ìlà yẹn fún ọdún 25 mìíràn nítorí pé ọjọ́ pé, kò sì sẹ́ni tó kọ̀wé.